Nígbà Tí Ìsopọ̀ Bá Já: Bí A Ṣe Ń Fi Àwọn Ètò Kéékèèké Unix Kọ́ Apín-Tẹ́mínà

Tẹ́mínà ni fèrèsé tí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń tẹ àṣẹ sí ní ọ̀rọ̀ kíkọ, tí èsì náà sì ń jáde síbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kíkọ. Apín-tẹ́mínà ni ètò tí ń jẹ́ kí tẹ́mínà kan ṣoṣo gba iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí kì í sì jẹ́ kí àwọn iṣẹ́ náà kú nígbà tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wọn bá pa kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dé. Méjì ló lókìkí jù nínú wọn. Èkíní ni GNU Screen, tí Oliver Laumann àti Carsten Bormann kọ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ìlú Berlin ní 1987. Èkejì ni tmux, tí Nicholas Marriott bẹ̀rẹ̀ ní 2007, tí àwọn tó ń ṣe OpenBSD, ẹ̀yà Unix kan, sì gbà wọlé ní 2009. Ètò ńlá ni àwọn méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń dá gbogbo iṣẹ́ náà ṣe. Ọ̀nà mìíràn wà, èyí tí a óò tọ̀ níhìn-ín: kí a kó àwọn ètò kéékèèké jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ iṣẹ́ kan péré, kí a sì fi wọ́n kọ́ apín-tẹ́mínà.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ mọ ìwúlò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé fún un. Ní Ìlíṣàn ni Yunifásítì Babcock wà, ilé-ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959 lábẹ́ ìjọ Adventist, tó sì di yunifásítì ní 1999. Ní Ṣàgámù ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera tí Yunifásítì Olabisi Onabanjo sọ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà. Ní Ìkẹ́nnẹ́ ni IITA ti ń dán irúgbìn àgbàdo wò lóko ìwádìí. Irú ibi báyìí ni a ti ń rí iṣẹ́ ìṣirò tó lè gba wákàtí mẹ́fà tàbí ọjọ́ méjì, tí kọ̀ǹpútà alágbèéká kò sì lè dá ṣe. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn, tí a yá lò ní Frankfurt tàbí Lọndọnu ló ń ṣe é, ẹni tó ni iṣẹ́ sì jókòó sí Ìlíṣàn, ó ń fi tẹ́mínà bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì pọ̀: dátà orí fóònù, òpó ìbánisọ̀rọ̀ tó ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì, wáyà tó lọ sí Èkó, lẹ́yìn náà wáyà abẹ́ òkun. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé kú. Bí dátà bá tán, ìsopọ̀ já. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní etíkun Abidjan, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ṣe ségesège. Nínú gbogbo èyí, kò sí nǹkan kan tó ṣe sáfà tó wà ní Frankfurt. Iná rẹ̀ ń jó, iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ. Síbẹ̀, bí ìsopọ̀ bá já, ìṣirò wákàtí mẹ́fà náà á kú ní wákàtí karùn-ún.

Ìdí tó fi ń kú ti wà láti ayé àtijọ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs ní 1969, irin gidi ni tẹ́mínà. Teletype Model 33, tó jáde ní 1963, jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláriwo tó ń tẹ lẹ́tà mẹ́wàá sórí bébà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn á fi tẹlifóònù pe kọ̀ǹpútà, á sì ti orí ìpè náà ṣiṣẹ́. Bí ìpè bá já, kernel, ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, á fi àmì kan tó ń jẹ́ SIGHUP ránṣẹ́ sí àwọn ètò tó wà lórí okùn náà pé oníṣẹ́ ti gbé fóònù sílẹ̀. Ètò tó bá gba àmì yìí, tí a kò sì kọ́ ní ohun mìíràn tí yóò ṣe, á kú. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ nígbà náà, nítorí bí iṣẹ́ ẹni tó ti lọ bá ṣì wà lórí okùn, ẹni tó bá pe nọ́ńbà yẹn tẹ̀ lé e lè bọ́ sínú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Tẹlifóònù ti kúrò níbẹ̀ lónìí, àmọ́ òfin náà kò kúrò.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ tí Unix ní fún un ni nohup, ètò kékeré tó ń sọ fún iṣẹ́ pé kó kọ etí dídi sí SIGHUP. Iṣẹ́ náà kò ní í kú mọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé oníṣẹ́ kò lè padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ètò ìṣirò bá dúró láàárín ọ̀nà láti béèrè ìbéèrè, kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ohun tí a ń wá ni kí iṣẹ́ wà láàyè, kí a sì lè padà bá a jókòó.

Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú ohun tí Unix ń pè ní pty, ìyẹn tẹ́mínà àfarawé. Kernel ló ń ṣe é. Orí méjì ló ní. Ètò tí a fẹ́ lò, bíi shell tó ń gba àṣẹ, á di orí kan mú, á sì gbà pé tẹ́mínà gidi lòun ń bá sọ̀rọ̀: yóò béèrè iye ìlà àti òpó rẹ̀, yóò rí ìdáhùn, bí a bá tẹ Ctrl-C, àmì ìdádúró yóò dé bá a. Orí kejì wà lọ́wọ́ ètò mìíràn tó ń ka gbogbo ohun tí shell bá kọ, tó sì ń fi ohun tí a bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí a bá fi SSH, èyí tí Tatu Ylönen kọ ní Finland ní 1995, wọ sáfà, ètò sshd tó wà lórí sáfà ló di orí kejì yìí mú. Bí ìsopọ̀ bá já, sshd tó ń tọ́jú rẹ̀ á kú, orí tó dì mú á sì bọ́ sílẹ̀. Kernel á wò ó pé kò sí ẹni tó di òdìkejì mú mọ́, á sì fi SIGHUP ránṣẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí: ta ló di orí kejì mú? Bí ó bá jẹ́ ètò tí ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́ ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ á bá ìsopọ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ètò tó ti yọ ara rẹ̀ kúrò lórí okùn, tó ń gbé orí sáfà fúnra rẹ̀, ìsopọ̀ lè já nígbà ogún lóòjọ́. Gbogbo ohun tó kù nínú apín-tẹ́mínà, pípín ojú fèrèsé, àwọ̀ mèremère, ìlà tó ń fi aago hàn nísàlẹ̀, àfikún ni.

Ètò tó ṣe iṣẹ́ kan yìí, tí kò sì ṣe òmíràn, ni dtach, tí Ned T. Crigler kọ. Marc André Tanner náà kọ ọ̀kan tó jọ ọ́, ó pè é ní abduco. Bí olùwádìí kan ní Ìkẹ́nnẹ́ bá fẹ́ ṣe ìṣirò àgbàdo rẹ̀ pẹ̀lú èdè ìṣirò tó ń jẹ́ R, ohun tí yóò tẹ̀ lórí sáfà ni:

abduco -c agbado Rscript agbado.R

Abduco á pín ara rẹ̀ sí méjì. Apá kan á lọ sẹ́yìn, á fi àṣẹ setsid kúrò lábẹ́ tẹ́mínà tó bí i, á ṣí pty tuntun, á gbé Rscript sí orí kan rẹ̀, á sì di orí kejì mú fúnra rẹ̀. Apá kejì ni oníbàárà, èyí tó ń gba ohun tí oníṣẹ́ bá tẹ̀, tó sì ń fi èsì hàn án. Fáìlì àkànṣe kan tí à ń pè ní socket ni àwọn méjèèjì ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí iná bá lọ ní Ìkẹ́nnẹ́, oníbàárà nìkan ló kú. Nígbà tí iná bá dé, a ó tún fi SSH wọlé, a ó tẹ abduco -a agbado, a ó sì bá iṣẹ́ níbi tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ á tẹ Ctrl-\. Nínú Unix, kọ́kọ́rọ́ yìí kan náà ni a fi ń pa ètò tó bá ya olóríkunkun, nítorí náà àwọn kan máa ń yí i padà. Dtach àti abduco méjèèjì gba -e fún ìyẹn.

Socket yìí jẹ́ fáìlì bí àwọn fáìlì yòókù, òfin Unix lórí ẹni tó lè ka fáìlì tàbí kọ sínú rẹ̀ sì dè é. Kò sí ìdí láti tún kọ ìlànà ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé mìíràn. Dtach tún ní ọ̀nà kan tó dára: bí a bá tẹ dtach -p pẹ̀lú orúkọ socket, ohun tí ètò mìíràn bá kọ á lọ tààrà sínú iṣẹ́ tí dtach ń tọ́jú, bíi shell, bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn ló tẹ̀ ẹ́.

echo 'ls -l' | dtach -p ~/shell.sock

Àmì | tó wà láàárín ni páìpù. Doug McIlroy ló dá a lábàá ní Bell Labs ní 1964, pé ó yẹ kí a lè so ètò pọ̀ mọ́ ètò. Thompson sì fi í sínú Unix ní 1973. Láti ibẹ̀ ni ìlànà Unix ti wá: kí ètò kan ṣe iṣẹ́ kan, kó ṣe é dáadáa, kó sì lè bá òmíràn ṣiṣẹ́. Rẹ́mọ mọ irú ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ìlú kéékèèké bíi Ọ̀fin àti Màkún kóra jọ sójú kan ní 1872, tí ibẹ̀ di Ṣàgámù, ìlú kọ̀ọ̀kan kò pa orúkọ àti oyè rẹ̀ rẹ́. Wọ́n wà pa pọ̀ lábẹ́ ọba wọn, Akárìgbò, oníkálukú sì ń bójú tó àdúgbò tirẹ̀.

Páìpù nìkan kò tó, àmọ́ṣá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ìlànà Unix máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé páìpù lè so ohun gbogbo pọ̀, ọ̀rọ̀ tẹ́mínà sì ni ibi tí èyí ti kùnà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ń gbà nínú páìpù, kò ní ìlà tàbí òpó, Ctrl-C kò sì nítumọ̀ níbẹ̀. Bí ètò ìkọ̀wé bíi vi bá rí i pé páìpù lòun ń kọ̀wé sí, á ráhùn. Nítorí náà, nínú apín-tẹ́mínà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni a ń to àwọn ètò sí. Inú ara wọn ni wọ́n ń wọ̀: pty nínú pty, tí olúkúlùkù gbà pé tẹ́mínà gidi ló wà níwájú òun.

Ètò kejì tó wọ inú rẹ̀ ni èyí tó ń pín fèrèsé. Dvtm ni Tanner pe tirẹ̀. Bí a bá tẹ Ctrl-g, lẹ́yìn náà c, fèrèsé tuntun á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ yìí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ètò orí tẹ́mínà kì í kọ lẹ́tà nìkan, ó ń kọ àṣẹ mọ́ ọn: lọ sí ìlà kẹta, pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ní pupa. Inú ẹ̀rọ VT100 tí ilé-iṣẹ́ DEC gbé jáde ní 1978, tó ní ìlà 24 àti òpó 80, ni púpọ̀ nínú àwọn àṣẹ yìí ti di àjùmọ̀lò. Dvtm gbọ́dọ̀ ka gbogbo wọn, kó mọ lẹ́tà tó wà ní gbogbo ojú àpótí lórí fèrèsé kọ̀ọ̀kan, kó sì tún wọn yà síbi tó yẹ.

Níbí ni èdè Yorùbá ti ń kó àwọn ètò wọ̀nyí sí wàhálà. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan fún é, ó sì ní nọ́ńbà kan fún ẹ. Kò ní ẹyọ nọ́ńbà kankan fún ẹ́. Lẹ́tà méjì ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ ọ́: ẹ, tí í ṣe U+1EB9, àti àmì òkè, tí í ṣe U+0301. Àmì òkè yìí kò yẹ kó gba àyè tirẹ̀, orí ẹ ló yẹ kó gùn. Ètò tó bá ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí àpótí kan á ṣírò "ọjọ́" sí àpótí mẹ́rin dípò mẹ́ta, ààlà fèrèsé á sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ìlà yẹn. Ẹni tó bá ń to orúkọ ènìyàn Rẹ́mọ sínú tábìlì pẹ̀lú àmì ohùn yóò rí i pé òpó kejì kò gún. Ètò tó bá fẹ́ ṣe é bó ti tọ́ gbọ́dọ̀ béèrè fífẹ̀ lẹ́tà lọ́wọ́ ohun èlò bíi wcwidth, èyí tó mọ̀ pé òdo ni fífẹ̀ àmì òkè, kó sì tọ́jú àmì náà sínú àpótí kan náà pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀. Dtach kò ní irú ìṣòro yìí rárá. Kì í ka ohun tó ń gbé kọjá, nítorí náà kò lè bà á jẹ́. Èrè ńlá ni èyí fún ètò tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Àìkàwé yìí ní gbèsè tirẹ̀. Nítorí pé dtach kò mọ ohun tó wà lójú tẹ́mínà, nígbà tí a bá padà wọlé, fèrèsé lè ṣófo. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ọgbọ́n bẹ ètò tó wà nínú láti tún ojú rẹ̀ yà: bí a bá lo -r winch, á rán SIGWINCH, àmì tó ń sọ pé ìwọ̀n fèrèsé ti yí padà, bí a bá lo -r ctrl_l, á tẹ Ctrl-L. Vi á dáhùn, shell náà á dáhùn sí Ctrl-L. Ìṣirò àgbàdo tó kàn ń kọ ìlà kan lẹ́yìn òmíràn kò ní í dáhùn, ohun tó ti kọ nígbà tí a kò sí níbẹ̀ sì ti lọ nìyẹn.

Ètò mìíràn ló ń tán èyí. Script, tó ti wà nínú Unix ti Berkeley láti nǹkan bí ogójì ọdún ó lé, ń ṣí pty tirẹ̀, ó sì ń kọ gbogbo ohun tó bá gba ibẹ̀ kọjá sínú fáìlì. A ó kọ ìlà kan sínú fáìlì kékeré tó ń jẹ́ sise.sh:

script -f -c "Rscript agbado.R" agbado.log

A ó sì tẹ abduco -c agbado sh sise.sh. Pty méjì ló ti wọ inú ara wọn báyìí, Rscript kò sì mọ̀. Bí a bá padà dé, tail á fi ìparí àkọsílẹ̀ hàn wá, grep á wá ibi tí àṣìṣe wà, fáìlì náà sì wà fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tmux náà ń tọ́jú ohun tó ti kọjá, àmọ́ inú ọpọlọ rẹ̀ ló ń fi í sí, iye ìlà tí yóò tọ́jú sì ní òdiwọ̀n. Àwọn suckless, tí wọ́n ń kọ tẹ́mínà tó ń jẹ́ st, tilẹ̀ yọ ìyíwòsẹ́yìn kúrò nínú tẹ́mínà wọn pátápátá, wọ́n sì kọ ètò kékeré kan, scroll, tó ń jókòó sáàárín st àti shell láti ṣe é.

Ìtò àwọn ètò náà ṣe pàtàkì. Bí abduco bá wà lóde tí dvtm wà nínú, gbogbo fèrèsé á padà bí a ṣe fi wọ́n sílẹ̀, nítorí dvtm rántí ojú kọ̀ọ̀kan, á sì tún un yà. Báyìí ni Tanner fúnra rẹ̀ rò ó. Abduco tí a kò bá fún ní àṣẹ kankan, dvtm ló máa ń gbé dìde. Ṣùgbọ́n bí dvtm bá ṣubú lójijì, gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ á bá a ṣubú, tmux náà sì ní ewu kan náà nítorí ètò tmux kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ló di gbogbo pty mú. Bí a bá yí i padà, kí dvtm wà lóde, kí abduco wà nínú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ìtò ojú fèrèsé á parẹ́ nígbà tí ìsopọ̀ bá já, àmọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀mí tirẹ̀. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gùn, tí nẹ́tíwọọ̀kì rẹ̀ kò sì ṣeé gbọ́kàn lé, ìtò kejì yìí ló dára jù. Títo fèrèsé padà kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìṣirò ọjọ́ méjì ń gba ọjọ́ méjì.

Ènìyàn méjì lè wọ iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ sì máa wò ó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi -r wọ abduco, á rí ohun gbogbo, ohun tó bá tẹ̀ kò sì ní í dé ibẹ̀. Ìṣòro tó kù ni ìwọ̀n. Pty kan kò lè ní ju ìwọ̀n kan lọ, bí ẹnì kan bá sì fi fóònù wọlé, gbogbo ìlà lè fún mọ́ ojú fóònù náà. Abduco ní -l fún ẹni tó fẹ́ wò láìfẹ́ pàṣẹ ìwọ̀n.

Títí dé ibí, ìsopọ̀ fúnra rẹ̀ ni a kò tíì fọwọ́ kàn. Mosh, tí Keith Winstein àti Hari Balakrishnan ṣe ní MIT tí wọ́n sì gbé jáde ní 2012, rọ́pò SSH lójú ọ̀nà lẹ́yìn tí SSH bá ti ṣílẹ̀kùn. Bí oníṣẹ́ bá kúrò lórí Wi-Fi Ìlíṣàn, tó bọ́ sórí dátà fóònù lójú ọ̀nà Ṣàgámù, mosh á bá a lọ láìjá, nítorí kò ka àdírẹ́sì tí ọ̀rọ̀ ti wá sí; kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀ tí a fi ti ọ̀rọ̀ pa ló ń wò. Ó tún máa ń fi lẹ́tà tí a tẹ̀ hàn kí sáfà tó dáhùn, èyí tó ń tu ẹni tí sáfà rẹ̀ wà ní òkè òkun lára. Síbẹ̀, bí bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká bá tán pátá, kọ́kọ́rọ́ yẹn ti bá a lọ, kò sì sí ọ̀nà láti padà sínú mosh àtijọ́. Mosh kò rọ́pò dtach, dtach kò sì rọ́pò mosh.

Ohun tí ẹni tó bá to àwọn ètò wọ̀nyí fúnra rẹ̀ yóò pàdánù kò kéré. Tmux ní fáìlì ìtò kan ṣoṣo, ìwé àlàyé kan, àti kọ́kọ́rọ́ kan, Ctrl-b, fún ohun gbogbo. Dída ọ̀rọ̀ kọ láti fèrèsé kan sí òmíràn rọrùn nínú rẹ̀. Ẹni tí tmux ti tẹ́ lọ́rùn kò ní ìdí pàtàkì láti fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ má kú nìkan ni dtach tó fún.

Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tó lè dojú kọ ikú sáfà fúnra rẹ̀. Pty inú ọpọlọ kernel ló ń gbé. Bí sáfà bá tún ara rẹ̀ tàn, tàbí tó jẹ́ pé yàrá kan ní Ṣàgámù ló wà tí iná sì lọ níbẹ̀, dtach, abduco, tmux àti Screen á lọ pa pọ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú wọn. Ní irú ibẹ̀, ẹ̀rọ inverter ni a kọ́kọ́ nílò. Lẹ́yìn rẹ̀, a ó kọ ìṣirò náà lọ́nà tí yóò fi máa kọ ibi tó dé sínú fáìlì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nígbà tí iná bá dé.